Àwọn Ọmọ Tí Wọ́n Sin Sẹ́yìn Ọgbà

Mọ́ládé kò lè rìn láti ilé rẹ̀ dé ọjà Ṣakí kí ènìyàn mẹ́wàá má dá a dúró. Agbẹ̀bí ni. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló fi gbẹ̀bí ní ilé ìgbẹ̀bí kan nínú ìlú náà kó tó fẹ̀yìn tì. Àwọn ọmọ tó gbà nígbà náà ti di awakọ̀, wọ́n ti di tísà, wọ́n ti di télọ̀, àwọn mìíràn sì ti ní ọmọ tiwọn. Ọlọ́kadà á dúró lójú ọ̀nà, á dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku, á ní, "Ìyá Faith, ẹ̀yin lẹ bí mi o!" Òun á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní, "Ìyá rẹ ló bí ọ, èmi kàn gbà ọ́ mú kí o má bọ́ sílẹ̀ ni."

Kì í ṣe aláriwo ènìyàn. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà tó ń lọ, ìlà kẹta lápá òsì ló máa ń jókòó sí, ẹ ò sì ní gbọ́ ohùn rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn nínú orin. Ìdí nìyẹn tí ẹnu fi ya gbogbo ìyá ìjọ ní ọjọ́ Sátidé kan nínú ààwẹ̀ Lẹ́ńtì ọdún 2023, nígbà tó dìde ní àárín àpérò wọn, tó wo ojú Fádà, tó ní, "Irọ́ ni."

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ìyàwó kékeré kan dìde béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ Fádà Mákindé. Oyún oṣù méje bọ́ lára obìnrin náà nígbà ọyẹ́, ọmọ náà kò sì ké kó tó kú. Ó fẹ́ mọ ibi tí ọmọ òun wà. Fádà Mákindé kò ju ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n lọ. Ó mọ̀wé, ó sì ní àánú. Ó dáhùn pẹ̀lú ohùn tútù pé ọ̀dọ̀ Ọlọ́run ni ọmọ náà wà, kí ó lọ fọkàn balẹ̀. Ká ní ó dákẹ́ síbẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti tán. Ó tún fi kún un.

"Àwọn àgbà kan á máa sọ fún yín nípa ibì kan tí wọ́n ń pè ní Límbò, pé ibẹ̀ ni ọmọ tí a kò rì bọmi máa ń wà títí ayé, tí kò ní rí ojú Ọlọ́run. Ẹ má dá wọn lóhùn. Èrò ènìyàn lásán ni. Ìjọ kò fi ìgbà kan kọ́ni bẹ́ẹ̀."

Mọ́ládé kò mọ ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e dìde.

"Irọ́ ni, Fádà. Ẹ forí jì mí, mi ò bú yín. Ṣùgbọ́n irọ́ ni. Wọ́n kọ́ mi. Nínú ọgbà tí a wà yìí ni wọ́n ti kọ́ mi."

"Màmá, bóyá ẹni tó kọ́ yín ló ṣì í sọ."

"Ta ló ṣì í sọ? Fádà òyìnbó tó rì mí bọmi? Katikíìsì tó kọ́ gbogbo wa? Àbí èmi tí wọ́n bá mi sin ọmọ sẹ́yìn ọgbà bí ẹni ń sọ òkú adìyẹ nù, èmi ni mo ṣì í gbọ́?"

Mọ́ládé mú báàgì rẹ̀, ó gba àárín àwọn àga kọjá, ó jáde. Gèlè rẹ̀ tú, kò dúró so ó.

Ọdún 1981 ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún ni nígbà yẹn, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ ọn lọ́wọ́. Adékúnlé ọkọ rẹ̀ jẹ́ tísà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àkọ́bí wọn dé pẹ̀lú wàhálà. Ẹ̀jẹ̀ dà lára ìyá títí ó fi dákú. Ọmọkùnrin ni ọmọ náà, mímí rẹ̀ kò sì já gaara. Adékúnlé gun kẹ̀kẹ́, ó sáré lọ pe Fádà kó wá ri ọmọ bọmi. Fádà ti lọ sí Ìràwọ̀ láti bẹ àwọn ọmọ ìjọ ibẹ̀ wò. Ó yà sílé Ládòkun, tó jẹ́ katikíìsì tó ń kọ́ ìjọ ní ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́, ó gbé e sẹ́yìn kẹ̀kẹ́. Nígbà tí àwọn méjèèjì fi máa wọlé, ọmọ náà ti tutù. Kò lò tó wákàtí méjì láyé.

Ojú Mọ́ládé ń là bọ̀ wá nígbà tó gbọ́ ohùn Ládòkun lẹ́yìn aṣọ ìkélé.

"Tísà, ẹ má bínú, mi ò lè sin ín sínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Ilẹ̀ tí a yà sí mímọ́ ni. Àwọn tí a ti rì bọmi ló ni ín."

"Kí ni ọmọ wákàtí méjì ṣe?"

"Kò ṣe nǹkan kan. Ẹ̀ṣẹ̀ tí a bí gbogbo wa mọ́ ló wà lọ́rùn rẹ̀, omi kò sì wẹ̀ ẹ́ kúrò. Límbò ló wà. Kò sí iná níbẹ̀, kò sí ìyà. Kò kàn ní rí Ọlọ́run ni."

"Ìyá rẹ̀ ńkọ́? Bí ìyá rẹ̀ bá dé ọ̀run lọ́jọ́ kan?"

"Kò ní bá a níbẹ̀," ni Ládòkun wí.

Àbúrò Adékúnlé ló gbé òkú ọmọ náà jáde kọjá ọgbà, ó sì sin ín síbi tí Ládòkun fi hàn án. Wọn kò fi ibẹ̀ han Mọ́ládé, nítorí wọ́n ní abiyamọ kì í mọ ibi tí wọ́n sin ọmọ rẹ̀ sí. Àwọn ẹbí wá kí i. Wọ́n ní omi ló dànù, agbè kò fọ́. Wọ́n ní kó má sunkún jù, kí omi ojú rẹ̀ má dí ọ̀nà mọ́ èyí tó ń bọ̀. Ó nu ojú nù. Ọdún kejì ó bí Faith, ó sì tún bí méjì sí i, àwọn ẹbí sì gbàgbé pé ẹnì kan ti ṣáájú Faith wá.

Ó gba ohun tí Ládòkun sọ gbọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti burú jù nìyẹn. Kò jiyàn, kò fi ìjọ sílẹ̀. Ohun tó ṣe ni pé ó pinnu pé ọmọ kankan kò ní kú ní gbígbẹ ní ọwọ́ òun mọ́. Wọ́n ti kọ́ ọ pé bí ikú bá ń kánjú, ẹnikẹ́ni lè rini bọmi, kì báà jẹ́ nọ́ọ̀sì; Adékúnlé ni kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó wá ìgò oògùn ikọ́ kékeré kan, ó fọ̀ ọ́, ó rọ omi sínú rẹ̀, ó sì ń gbé e sínú àpò yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀ lójoojúmọ́. Bí ó bá rí i pé ọmọ kan fẹ́ lọ, á kọ ẹ̀yìn sí ìyá ọmọ bí ẹni ń wá òwú, á da omi sí i lórí ní ẹ̀ẹ̀mẹta, á sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Mo wẹ̀ ọ́ ní orúkọ Baba, àti ti Ọmọ, àti ti Ẹ̀mí Mímọ́." Kò béèrè ọmọ ta ni. Ẹ sì mọ Ṣakí: nínú ìyá márùn-ún tó bá wọlé wá rọbí, mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú wọn ló jẹ́ Mùsùlùmí.

Àdìjátù wà nínú wọn. Òrí ló ń tà, ó sì kéré sí Mọ́ládé ní ọdún mẹ́fà. Ní ọdún 1990, ó bí ọmọbìnrin kan tí oṣù rẹ̀ kò pé. Ọ̀sán ni, òjò ń dà lórí páànù bí òkúta, Àdìjátù sì ń béèrè láti orí bẹ́ẹ̀dì pé, "Nọ́ọ̀sì, ṣé ó ń mí? Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó ń mí?" Mọ́ládé kọ ẹ̀yìn sí i. Ó yọ ìgò. Lẹ́yìn ìyẹn ló tó yíjú padà láti sọ fún un pé ọmọ ti lọ, ó sì jókòó tì í títí ọkọ rẹ̀ fi dé. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti di ọ̀rẹ́. Bí Iléyá bá dé, ẹran Àdìjátù ló máa ń kọ́kọ́ dé ilé Mọ́ládé. Mọ́ládé ló sì gbẹ̀bí Samsudeen, ọmọkùnrin tí Àdìjátù bí lẹ́yìn náà.

Gbogbo èyí ló ru sókè nínú rẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé yẹn nígbà tí Fádà ní Ìjọ kò fi ìgbà kan kọ́ni bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn Mísà tí Mọ́ládé kò lọ, Fádà Mákindé wá bá a nílé. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ kó tó jókòó, nítorí ilé ire ni wọ́n ti bí i.

"Màmá, mo yẹ kí n sọ ọ́ dáadáa ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òótọ́ ni pé wọ́n fi kọ́ yín. Ṣùgbọ́n kò fi ìgbà kan jẹ́ òfin ìgbàgbọ́."

"Kí ni ìyàtọ̀ fún ẹni tí wọ́n kọ́?"

Fádà yọ fóònù rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í là á yé e. Ó ní ó ti tó ẹgbẹ̀jọ ọdún sẹ́yìn tí bíṣọ́ọ̀bù ńlá kan ní àríwá Áfíríkà bá àwọn kan jiyàn lórí ẹ̀ṣẹ̀ àbínibí. Nínú àríyànjiyàn náà, ó ní ọmọ tí a kò rì bọmi yóò bọ́ sínú iná, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iná tó rọ̀ jù ni. Ọgọ́rùn-ún ọdún méje lé díẹ̀ kọjá, àwọn olùkọ́ ní Yúróòpù ní ìyẹn ti le jù, wọ́n yọ iná kúrò, wọ́n fi Límbò rọ́pò rẹ̀. Wọ́n fi kọ́ àwọn Fádà, àwọn Fádà fi kọ́ katikíìsì. Nígbà tó di ọdún 2007, àwọn onímọ̀ ní Róòmù gbé ìwé jáde pé ìdí wà láti ní ìrètí pé Ọlọ́run ń gba irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ là.

"Ọdún wo lẹ pè é?"

"2007, Màmá."

Mọ́ládé ka ìka rẹ̀. "Ọdún mẹ́rìndínlógún. Ó ti tó ọdún mẹ́rìndínlógún tí ìwé yẹn ti wà. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni ẹ ń kéde lórí pẹpẹ. Ẹ ń kéde ìkórè, ẹ ń kéde ìpàdé ẹgbẹ́ akọrin, ẹ kéde agboòrùn tí ẹnì kan gbàgbé sórí àga. Kò sí ẹni tó kéde fún mi pé ọmọ mi ti kúrò ní Límbò?"

Fádà ti fóònù rẹ̀ bọ àpò.

"Ẹ wá gbọ́ mi. Nígbà tí mo wà ní kékeré, Látìnì ni wọ́n fi ń ṣe Mísà, Fádà á sì kọ ẹ̀yìn sí wa. Wọ́n yí i padà, wọ́n sọ fún wa pé àwọn yí i padà, a sì gbà. Mi ò bínú pé nǹkan yí padà. Ẹni tó bá ní òun ń yà sí ọ̀nà mìíràn, mo lè bá a yà. Ẹni tó ní òun kò tọ ọ̀nà àná rí, tí ipasẹ̀ rẹ̀ sì wà nílẹ̀ gbangba, ẹni yẹn ni mi ò lè bá rìn. Ẹ kọ́kọ́ fi ọmọ mi sínú iná. Ẹ tún gbé e sẹ́yìnkùlé. Ẹ wá gbé e wọ ilé báyìí. Bí ẹni ń ṣí ewúrẹ́ lórí ìso! Ọmọ mi kò sì kúrò lójú kan. Ibi tó wà náà ló wà láti ọjọ́ tó ti kú. Ẹ̀yin lẹ ń rìn."

"Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe, Màmá?"

"Ẹ dúró lórí pẹpẹ kí ẹ sọ pé: a kọ́ yín báyìí, ó pa yín lára, a ti fi í sílẹ̀, ẹ foríjì wá."

Fádà Mákindé fi ọwọ́ pa ojú. "Mi ò lè sọ ìyẹn láìgba àṣẹ lọ́dọ̀ Bíṣọ́ọ̀bù. Àwọn ènìyàn á ní bí a bá ṣì í sọ níbi èyí, kí ló kù tí a kò tún ṣì í sọ?"

"Ìbéèrè gidi nìyẹn," ni Mọ́ládé wí. "Ẹ lọ wá èsì rẹ̀."

Bàbá Ládòkun ṣì wà láyé. Ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, ojú rẹ̀ méjèèjì ti fọ́, ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń gbé. Mọ́ládé kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láti bí ogún ọdún. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ó múra bí ẹni ń lọ sí kóòtù, ó lọ bá a. Ó ti to ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ sínú láti ilé, kò sì sí èyí tó dùn nínú wọn.

Kò tíì kí Bàbá tán tí Bàbá fi ní, "Ìyàwó Tísà." Ohùn rẹ̀ ló fi mọ̀ ọ́n.

Mọ́ládé sọ gbogbo rẹ̀ fún un: ohun tí Fádà sọ ní àpérò, ìwé 2007, iná tí wọ́n yọ kúrò, Límbò tí wọ́n fi rọ́pò. Bàbá gbọ́ ọ tán. Agbárí rẹ̀ ń mì jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

"Wọ́n ti yí i padà?" ló béèrè.

"Láti ọdún mẹ́rìndínlógún."

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi." Ó tún un sọ. "Kò sẹ́ni tó wá sọ fún mi."

Ó ní kí ọmọ òun lọ gbé àpótí páànù wá látinú yàrá. Ìwé ìkọ̀wé kan ló fi ọwọ́ wá jáde níbẹ̀, èyí tó fi kọ ẹ̀kọ́ sílẹ̀ nígbà tó ń kọ́ṣẹ́ katikíìsì. Tádáwà ti pọ́n, ṣùgbọ́n ó ṣeé kà. Mọ́ládé ṣí i, ó rí i níbẹ̀ ní ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ́gírẹ́gí: Límbò, ibùgbé àwọn ọmọ tí a kò rì bọmi. Olùkọ́ ti fi yíǹkì pupa fa ìlà kékeré sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé ó gbà á.

"Ní ọdún 1976," ni Bàbá wí, "Àmọ̀kẹ́ ìyàwó mi bí ọmọbìnrin kan. Mo wà ní Òkàkà, mò ń kọ́ àwọn ọmọ ibẹ̀ ní ẹ̀kọ́ ìrìbọmi. Ọmọ náà kú kí n tó dé. Èmi fúnra mi ni mo gbé e kọjá ọgbà. Àmọ̀kẹ́ kò bá mi sọ̀rọ̀ fún oṣù mẹ́ta. Tí mo bá ṣe tèmi bẹ́ẹ̀, tí mo wá gba ti ẹlòmíràn sínú ọgbà, kí ni mo máa sọ fún un?"

Mọ́ládé ti gbàgbé gbogbo ọ̀rọ̀ tó tò wá láti ilé.

"Mẹ́tàlélógún ni wọ́n," ni Bàbá tún sọ. "Mo mọ ibi tí ìkọ̀ọ̀kan wà. Mo fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n láti igun ọgbà. Mo ní bí ẹnì kan bá bi mí lọ́jọ́ kan, ó yẹ kí n lè dáhùn. Ẹnikẹ́ni kò bi mí."

Bí Mọ́ládé ṣe ń lọ sílé, ìbínú rẹ̀ kò rọ̀ rárá. Ńṣe ló le sí i. Nígbà tó jẹ́ pé Ládòkun ló ń bá bínú, ó rí ojú tó lè wò. Ní báyìí, ta ni? Àwọn tó kọ ìwé kò gbé Ṣakí, wọn kò sì mọ̀ pé ẹnì kan ń jẹ́ Àmọ̀kẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí kò jẹ́ kó sinmi. Òun ní kí Fádà jẹ́wọ́ ní gbangba. Òun náà ńkọ́? Ọjọ́ mẹ́rin ló fi bá ara rẹ̀ jà. Ní ọjọ́ karùn-ún, ó lọ sí ìsọ̀ Àdìjátù.

Àdìjátù ń fi ṣíbí onígi bu òrí sínú ike. Ó rẹ́rìn-ín nígbà tó rí i, ó nu àpótí ìjókòó fún un. Mọ́ládé kò jókòó. Ó dúró, ó sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, láti ìgò dé ọ̀rọ̀ ẹnu.

"Omi wo?" ni Àdìjátù béèrè.

"Omi ìrìbọmi. Kí ọmọ náà lè dé ọ̀run."

"Ọ̀run ibo?" Àdìjátù gbé ṣíbí sílẹ̀. "Ọmọ tó kú ní jòjòló, àlùjánnà ló ń lọ tààrà. Ààfáà sọ ọ́ fún mi kí ọ̀sẹ̀ tó yípo. Ó ní òun ló máa di ọwọ́ mi mú lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ mi kò ní gbèsè ẹ̀ṣẹ̀ kankan lọ́rùn, kò nílò omi ẹnikẹ́ni."

"Ẹ̀rù ló bà mí, Àdìjátù."

"Ẹ̀rù ta ni? Ẹ̀rù Ọlọ́run ni àbí ẹ̀rù Fádà?"

Àdìjátù dìde.

"Mo dùbúlẹ̀ síbẹ̀, mò ń bẹ̀ ọ́ pé kí o sọ fún mi bóyá ó ń mí! Ìwọ kọ ẹ̀yìn sí mi, o ń fi ọmọ mi ṣe Kìrìsìtẹ́nì! Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, ò ń jẹ oúnjẹ mi, o kò sọ!" Láti ìgbà tí wọ́n ti mọ ara wọn, Àdìjátù kò pè é ní ìwọ rí. Àwọn tó wà ní ìsọ̀ kejì ti yíjú. "Máa lọ, Ìyá Faith. Máa lọ kí n má baà sọ ohun tí mi ò ní lè kó."

Mọ́ládé lọ. Gbogbo ohun tí Àdìjátù sọ ló rò pé ó tọ́ sí òun.

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ó gbé àga rọ́bà kan, ó gba ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì kọjá lọ sẹ́yìn ọgbà. Igi kajú díẹ̀ ló wà níbẹ̀ àti koríko tó ga dé orókún. Ó tẹ koríko mọ́lẹ̀, ó jókòó, ó kọjú sí ògiri. Ó gbọ́ Mísà láti ibẹ̀. Peter, olórí àwọn aṣọ́nà, wá bá a pé kó wọlé.

"Ibi tí wọ́n gbé àwọn ọmọ yìí sí, ibẹ̀ ni èmi náà máa jókòó," ló sọ. "Ọjọ́ tí wọ́n bá wọlé, màá wọlé."

Ìjọ fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn kan ní ọjọ́ ogbó ló dé. Àwọn kan ní Mùsùlùmí ló fẹ́ dà, àwọn mìíràn ní ṣọ́ọ̀ṣì tuntun kan ló ń fa ojú rẹ̀ mọ́ra. Faith pè é láti Ìbàdàn. "Màmá, wọ́n ti gbé fọ́tò yín sórí Wọ́sáàpù o. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín."

"Kí wọ́n rẹ́rìn-ín," ni ìyá rẹ̀ dá a lóhùn. "Ìwọ kọ́ ni àkọ́bí mi. Ó yẹ kí n ti sọ fún ọ."



Ní ọjọ́ Àìkú kẹta, ìyàwó kékeré tó béèrè ọ̀rọ̀ ní àpérò gbé àga tirẹ̀ wá. Lẹ́yìn ìyẹn ni arúgbó méjì dé. Ọ̀kan nínú wọn wà nínú ìgbìmọ̀ àwọn ìyá ìjọ, kò sì sí ẹni tó mọ̀ rí pé òun náà ní ọmọ níbẹ̀. Nígbà tí òjò oṣù kẹfà fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti di mọ́kànlá. Wọ́n á ṣí agboòrùn, omi á máa ṣàn gba abẹ́ àga wọn, wọn kò dìde.

Nínú oṣù keje, ọmọ Bàbá Ládòkun fa Bàbá wá. Ó ní kí wọ́n fi ọwọ́ òun kan igun ọgbà. Ó gbé ẹsẹ̀ lé ilẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. "Méje. Yà sọ́tùn-ún. Mẹ́rin. Ọmọ Ọ̀jẹ̀túndé alágbẹ̀dẹ nìyí." Obìnrin kan á gbé òkúta funfun síbẹ̀. Bàbá á padà sí igun, á tún bẹ̀rẹ̀. Ó rẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n kò gbà kí wọ́n dá òun dúró. Ó wá dé ọ̀dọ̀ ọmọ Tísà Adékúnlé. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta péré ni ibẹ̀ fi jìnnà sí ibi tí Mọ́ládé ti ń gbé àga rẹ̀ sí.

Mọ́ládé kúnlẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lélẹ̀. Ó lé ní ogójì ọdún tó ti sun ẹkún yẹn kẹ́yìn, ó sì sun ún débi pé àwọn tó wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì gbọ́ ọ.

Fádà Mákindé jáde sí wọn lẹ́yìn Mísà. Ó rìn láàárín àwọn òkúta náà. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn ló kọ̀wé sí Bíṣọ́ọ̀bù. Èsì tó dé kúrú: ó lè gbàdúrà níbẹ̀, ó lè súre fún ilẹ̀ náà. Kò sí ohun tó jọ ẹ̀bẹ̀ nínú rẹ̀.

Ọjọ́ kejì oṣù kọkànlá ni àwọn Àgùdà máa ń rántí òkú wọn. Lọ́jọ́ náà, Fádà kó ìjọ jáde kọjá ọgbà. Wọ́n ti gé koríko. Ó gbé omi mímọ́ lọ́wọ́, ó sì ti ṣí ìwé àdúrà. Mọ́ládé dìde, ó dúró síwájú rẹ̀.

"Ẹ má wọ́n ọn, Fádà. Ọ̀rọ̀ kọ́kọ́, omi lẹ́yìn. Omi ló dá gbogbo èyí sílẹ̀."

Àwọn àgbà ìjọ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ẹnì kan ní kí wọ́n fà á kúrò lójú ọ̀nà. Fádà wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó wo àwọn òkúta mẹ́tàlélógún, ó sì pa ìwé náà dé.

"A kọ́ yín pé àwọn ọmọ yìí kò ní rí Ọlọ́run," ló wí. Ohùn rẹ̀ kò ròkè. "Àwa ló kọ́ yín, kì í ṣe ẹlòmíràn. A kò mọ̀, a sì sọ ọ́ bí ẹni mọ̀. Nígbà tí a yí i padà, a kò wá sọ fún yín. Mo dúró fún àwọn tó ṣáájú mi. Ẹ foríjì wá."

Ọkùnrin mẹ́ta nínú ìgbìmọ̀ ìjọ kẹ̀yìn sí i, wọ́n lọ. Àwọn yòókù dúró. Mọ́ládé yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, Fádà sì wọ́n omi.

Ó ti padà sí ìlà kẹta lápá òsì báyìí, ṣùgbọ́n kì í jókòó bíi ti tẹ́lẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ti ń kọ́ni ní ohun kan tó ní ó ti wà láti ayébáyé, á nàwọ́ sókè: "Láti ìgbà wo? Ta ló kọ́kọ́ sọ ọ́?" Fádà Mákindé ti mọ̀ pé kí òun tó wá, òun á ti wá ọdún rẹ̀ dání. Ìgbà mìíràn ọ̀rọ̀ náà máa ń sú u, ojú rẹ̀ sì máa ń fi hàn. Mọ́ládé kò bìkítà.

Àdìjátù kò bá a sọ̀rọ̀ fún oṣù mẹ́sàn-án. Nígbà ọyẹ́ ló rán Samsudeen wá pè é. Kò fi àga lọ̀ ọ́, kò fún un lómi. Ohun kan ṣoṣo ló béèrè.

"Nígbà tí o kọ ẹ̀yìn sí mi yẹn, ṣé ọmọ mi la ojú?"

"Ó là á," ni Mọ́ládé wí. "Ó wò mí. Ojú rẹ̀ tóbi, ó jọ tìrẹ."

Àdìjátù mi orí. "Mi ò tíì dárí jì ọ́ o."

"Mo mọ̀."

"Àwọn ìyá yòókù ńkọ́? Ṣé o ti sọ fún wọn?"

Kò tíì sọ fún wọn. Láti ọ̀sẹ̀ yẹn ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá wọn kiri, ilé sí ilé, gbogbo èyí tó bá rántí. Ó ti dé ọ̀dọ̀ ìyá mẹ́sàn-án. Méjì lé e jáde. Ọ̀kan fi í rẹ́rìn-ín, ó ní omi kò lè pa ọmọ tó ti kú lára. Ọ̀kan dì mọ́ ọn. Ọ̀kan ní kó máa bọ̀ lọ́dọọdún wá sọ bí ojú ọmọ náà ṣe rí fún òun. Àwọn tí kò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn wà ní Òkàkà àti ní abúlé tó yí Ìràwọ̀ ká, ó sì ní bí orókún òun bá gbà, ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni òun máa wọ mọ́tò.